Bíréèkì oníwáyà àti bíréèkì elépo: èwo ni kí ẹ gbé sórí kẹ̀kẹ́ yín?

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń sọ o, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Ọ̀rọ̀ mi kò sì kan ẹni tí bíréèkì rẹ̀ ṣì ń fi rọ́bà di rímù mú. Ẹni tó ti pinnu pé díìsìkì, àwo irin pẹlẹbẹ tó ń bá táyà yí, lòun fẹ́, tó wá dúró níwájú oníṣòwò tí wọ́n ní kó mú ọ̀kan nínú méjì, oníwáyà tí wáyà ń fà tàbí elépo tí epo inú páìpù ń tì, òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ti ní méjèèjì. Ọ̀kan wà lára kẹ̀kẹ́ tí mo ń gùn. Èkejì wà nínú páálí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìyàwó mi sì ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta pé ìgbà wo ni màá kó o dànù.

Pé díìsìkì ń mú nínú òjò ju rọ́bà lọ, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká fò ó.

Agbára mímú: elépo ló nílé, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Láti òkè Màpó sọ̀kalẹ̀ sí Bẹẹrẹ, ìka kan ṣoṣo tó fún mi. Pẹ̀lú oníwáyà, ìka méjì ni, ọwọ́ á sì mọ̀ pé òun ṣiṣẹ́.

Kí owó tó jáde lápò, ẹ kúnlẹ̀ wo fọ́ọ̀kì àti ẹ̀yìn férémù. Ṣé etí irin méjì tó ní ihò wà níbẹ̀? Ṣé họ́ọ̀bù, àárín táyà, ní ojú bóòtù mẹ́fà, tàbí eyín tí díìsìkì máa jókòó lé? Bí kò bá sí, kò sí díìsìkì tó máa wọ̀ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà kankan sọ fún yín pé òun á jó etí mọ́ ọn. Oríṣi etí méjì ló wọ́pọ̀ lára tòkunbọ̀: IS, tí bóòtù ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, àti post mount, tí bóòtù rẹ̀ ń bá táyà dọ́gba lọ. Irin kékeré kan wà tó ń so kálípà ọ̀kan (kálípà ni ohun tó gbé páàdì méjì tó ń fún díìsìkì mọ́ra) mọ́ etí èkejì, àmọ́ nọ́ńbà ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n díìsìkì yín mu. Ti díìsìkì 160 mìlímítà kì í ṣe ti 180. Ẹni tó bá sì fẹ́ oníwáyà fún kẹ̀kẹ́ eré ìje, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ bí ìwo àgbò, kó ra kálípà tí wọ́n ṣe fún un, torí ọwọ́ bíréèkì yẹn kì í fa wáyà jìnnà tó ti ọwọ́ gbọọrọ.

Díìsìkì fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà. Bóòtù mẹ́fà olójú ìràwọ̀, T25 ni ìwọ̀n kọ́kọ́rọ́ wọn. Ẹ dè wọ́n ní ìdojúkọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹ ti ń dè nọ́ọ̀tì táyà mọ́tò. Ọfà ara rẹ̀ máa tọ́ka síbi tí táyà ń yí sí. Ẹ má fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Òróró ara ìka tó láti mú kó máa ké bí ẹlẹ́dẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti kàn án, ẹ fi spírítì ilé kẹ́místì nù ún.

Ó wá ku títò. Ti elépo rọrùn débi pé ó ń múnú bí mi: ẹ tú bóòtù kálípà méjèèjì títí á fi máa mì díẹ̀, ẹ tẹ ọwọ́ bíréèkì, ẹ má jù ú sílẹ̀, ẹ wá dè é padà, ọ̀kan díẹ̀, èkejì díẹ̀. Ó tán. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Páàdì méjèèjì ló ń sún, bí wọ́n bá sì ti ń jẹ, wọ́n á máa sún mọ́ díìsìkì fúnra wọn.

Oníwáyà ń béèrè sùúrù. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, páàdì ìta nìkan ló ń sún. Ó ń ti díìsìkì lọ fẹ̀yìn ti páàdì inú. Nítorí náà, páàdì inú yẹn ló gbọ́dọ̀ súnmọ́ díìsìkì dáadáa. Èmi máa ń ki bébà káàdì tí a fi ń lóòdù fóònù sáàárín wọn, mo á yí páàdì náà títí á fi fún káàdì yẹn mọ́lẹ̀, mo á fi rọ́bà túùbù di ọwọ́ bíréèkì mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà ni mo tó dè kálípà. Tí mo bá fa káàdì yọ, mo á tẹ́ bébà funfun sílẹ̀ lábẹ́ kálípà, mo á wò ó láti òkè. Ìlà ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín méjì ló yẹ kí n rí, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan díìsìkì. Bí mo bá rí ẹyọ kan, nǹkan ń ha nǹkan. Àmọ́ bí ó bá ń ṣe ṣíín lẹ́ẹ̀kan péré nínú yíyí táyà kan, ẹ fi kálípà sílẹ̀. Díìsìkì ló wọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́, wákàtí kan àtààbọ̀ ni mo fi jókòó sílẹ̀. Báyìí, bíi ogún ìṣẹ́jú.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oníwáyà kọ́ ló jẹ mí lówó.

Ìlú Ọba ni kẹ̀kẹ́ elépo mi ti wá (ọwọ́ ọ̀tún ni bíréèkì iwájú wọn, ẹ fi sọ́kàn kí ẹ má baà ta tàkìtì). Shimano ni bíréèkì rẹ̀, iwájú àtẹ̀yìn. Oṣù mẹ́rin ni mo fi jayé. Lóṣù karùn-ún, ti iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Mo á tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kó tó mú. Afẹ́fẹ́ ti wọ páìpù.

Bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò wa mọṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n rán ọmọ iṣẹ́ wọn, ó sáré ra ike epo bíréèkì kan dé, DOT 4. Mo ní, "Bàbá, ṣé kì í ṣe èyí tí wọ́n ń dà sí mọ́tò nìyí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, bíréèkì ni gbogbo bíréèkì ń jẹ́." Mo dákẹ́. Epo tó ń jáde pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi zóbò tí wọ́n bu omi là. Èyí tó ń wọlé ní àwọ̀ òróró ẹ̀pà. Mo fojú ara mi rí i, mo ṣì dákẹ́.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bíréèkì mú gírígírí. Mo tiẹ̀ padà lọ fún Bàbá ní owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Lọ́sẹ̀ kẹta, bí mo bá tẹ̀ ẹ́, páàdì kì í padà sẹ́yìn mọ́. Mo ń wa kẹ̀kẹ́ bí ẹni tó so ọlọ mọ́dìí. Díìsìkì gbóná débi pé omi tí mo ta sí i hó. Nígbà tó yá, epo ń kán láti ara kálípà sórí páàdì, páàdì tó bá sì ti mu epo ti kú nìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Rọ́bà inú bíréèkì Shimano, Magura àti Tektro, epo mineral, irú òróró tí wọ́n ń fà láti inú epo rọ̀bì, ni wọ́n ṣe é fún. DOT kì í ṣe ẹbí epo yẹn rárá. Ńṣe ló ń mú kí rọ́bà náà wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi mọ́jú. Hope ní tiwọn, DOT ni wọ́n ń lò, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ SRAM, epo mineral ló sì máa ba àwọn yẹn jẹ́. Ṣùgbọ́n SRAM tún gbé DB8 àti Maven jáde, mineral làwọn yẹn ń mu, nítorí náà orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan kò tó. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí ọmọrí tó wà lára ọwọ́ bíréèkì. Bí wọ́n bá ti fi nǹkan ha á kúrò, ẹ má rà á.

Mo tú gbogbo rẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo ra epo mineral lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò lọ́nà kó tó dé ọ̀dọ̀ mi n'Ìbàdàn. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nígbà tí mo ṣírò kálípà, ọwọ́ bíréèkì, páìpù àti páàdì tuntun, ó lé ní ìdajì owó tí mo fi ra kẹ̀kẹ́. Òun ló wà nínú páálí yẹn.

Ìyókù kò pọ̀. Ẹni tó bá yọ táyà elépo kó ki páálí sáàárín páàdì kí ọmọdé má baà tẹ̀ ẹ́, torí páàdì méjèèjì á pàdé, títì wọ́n padà a sì máa gba àsìkò. Gígé páìpù elépo kúrú ń béèrè irin róbótó tuntun lẹ́nu rẹ̀. Wáyà, ẹ gé e. Wáyà máa ń dípẹtà lásìkò òjò. Páàdì tuntun, ti ẹ̀yà yòówù, ẹ bá a sáré kí ẹ sì tẹ bíréèkì bí ogún ìgbà ní ibi tí ọkọ̀ kò sí, kó tó mọ díìsìkì rẹ̀.

Èwo ni kí ẹ wá rà? Méjèèjì dára. Ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, tí ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ wà ní ìkángun òpópónà rẹ̀, tí epo tó tọ́ wà lórí pẹpẹ wọn, kó ra elépo, kó gbádùn ara rẹ̀. Ẹni tó ń ti orí òkè sọ̀kalẹ̀ lójoojúmọ́, tó sì mọ bí a ti ń lé afẹ́fẹ́ jáde fúnra rẹ̀, elépo náà ni. Ẹni tó jẹ́ pé fọkanáísà ló ń tún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe, bíi tèmi, kó lọ wo Avid BB7, tí páàdì méjèèjì ní ohun tí a fi ń yí i, tàbí TRP Spyre, oníwáyà tí páàdì rẹ̀ méjèèjì ń sún. Kó má ra èyí tó pọ́ọ́kú jù nínú oníwáyà, torí ìyẹn ló ń ba orúkọ ìyókù jẹ́.

Wáyà tuntun kan wà lábẹ́ ìjókòó mi, mo ká a bíi òwú. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ti nílò rẹ̀, ní Mókọ́lá, ẹ̀gbẹ́ ilé epo kan. Mo yá súpánà lọ́wọ́ ọlọ́kadà, mo sì dé ibi iṣẹ́ kí wọ́n tó pe orúkọ.