Mo dí eyín ní Wuse: àgbéyẹ̀wò mi

Mo bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi dí eyín mi, wọ́n sì dá mi lóhùn. Ìdí pàtàkì tí mo fi ń yin ilé ìwòsàn eyín yìí ní Wuse, l'Ábújá, nìyẹn. Mo ṣì ń fún ọmọ lọ́mú nígbà tí kòkòrò jẹ eyín mi kan lọ́wọ́ ẹ̀yìn débi pé omi tútù ò ṣeé mu mọ́. Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ ní Kubwa, amalgam ni wọ́n fẹ́ fi dí i. Mo bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, nọ́ọ̀sì ní, "Màdáámù, gbogbo ayé ló ń lò ó." Mo dìde.

Amalgam ni èyí tó ń dán bíi fàdákà lẹ́nu àwọn òbí wa. Bí ìdajì rẹ̀ ni mẹ́kúrì, èyí tí àwọn awakùsà fi ń kó góòlù jọ. Fàdákà, tánńganran àti bàbà ló kún ìyókù. Lábẹ́ àdéhùn Minamata, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí dídín lílo mẹ́kúrì kù, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, wọ́n fẹnu kò ní 2022 pé kí ìjọba má gba amalgam láyè, tàbí kí wọ́n kìlọ̀ lòdì sí i, fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, aláboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, àyàfi tí dókítà bá rí i pé ó di dandan. Ṣé èmi aláìsàn ló yẹ kí n máa rán wọn létí?

Ní Wuse, dókítà gbé páálí kọ́ńpósítì, ohun ìdí eyín tó láwọ̀ bíi eyín, jáde, ó ní kí n kà á. Ó là á yé mi pé wọ́n máa ń fi BPA, kẹ́míkà kan tí wọ́n tún fi ń ṣe ike, ṣe ọ̀kan lára èròjà rẹ̀, pé ìwọ̀nba kékeré lè bá itọ́ jáde, pàápàá ní wákàtí àkọ́kọ́. Nítorí náà ló ṣe fara balẹ̀ tan iná búlúù sí i kó lè gan dáadáa, ó nu ojú rẹ̀, ó ní kí n fi omi ṣan ẹnu kí n tu ú dànù. Ó tún bi mí bóyá èékánná àtọwọ́dá máa ń yún mi, torí kẹ́míkà tó wà nínú wọn bára tan. Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n fọkàn tán an.

Eyín ọmọ mi ọkùnrin, tó ṣì jẹ́ eyín wàrà, glass ionomer, irú símẹ́ńtì eyín kan, ni wọ́n fi dí i. Kò ní BPA, ó sì máa ń tú fluoride, èròjà tó ń dáàbò bo eyín, sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lágbára tó kọ́ńpósítì. Lóòótọ́, etí rẹ̀ ti kán díẹ̀. Wọ́n tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀.

Mo bèèrè fún màmá mi tó wà ní Ìlọrin bóyá kí wọ́n yọ amalgam àtijọ́ tó wà lẹ́nu wọn. Dókítà ní, "Tí kò bá tíì sán, tí kòkòrò ò sì sí lábẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí Màmá fi sílẹ̀. Ìgbà tí a bá ń gbẹ́ ẹ gan-an ni oru mẹ́kúrì máa ń jáde jù."

Owó wọn ga ju ti Kubwa lọ, ẹ ó sì jókòó pẹ́ tí ẹ bá lọ ní Sátidé. Kí ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ orúkọ ohun tí wọ́n lò sínú káàdì yín.