Bọ́ńpà ọkọ̀ àtijọ́: third party, comprehensive, àbí àpò ara ẹni?

Corolla 2005 ni mò ń wà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn, nínú gó-sìlóò tí gbogbo wa ti ń rìn bí ìgbín, Micra kan wá fi imú gbá mi nídìí. Kò sẹ́ni tó farapa. Bọ́ńpà ẹ̀yìn wọnú, ó sán lápá òsì, iná ẹ̀yìn kan sì fọ́. Awakọ̀ náà bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sórí títì: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni mò ń wà.” Àwọn èrò inú Micra náà bá a bẹ̀ mí, àfi bíi pé èmi ni mo lọ gbá a. ₦5,000 ló kó jáde lápò. Iná yẹn nìkan ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo rántí pé mo ní ínṣọ́ránsì, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀. Ìgbà tí mo délé tí mo ka ìwé náà ni mo mọ̀ pé third party tèmi, ìyẹn èyí tó ń san owó ohun tí mo bá bà jẹ́ fún ẹlòmíì, kò kan bọ́ńpà tèmi rárá. Ti awakọ̀ Micra ló yẹ kó san án. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra ìwé adójútòfò fún ọkọ̀ tó ti pẹ́, ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: ọkọ̀ ta ni ìwé yìí máa tún ṣe?

Third party lápá kan, comprehensive lápá kejì

Third party ni òfin Nàìjíríà fi dandan lé gbogbo ọlọ́kọ̀. ₦5,000 ni tẹ́lẹ̀ fún ọkọ̀ àdáni, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023 ó ti di ₦15,000 lọ́dún. Bí ẹ bá fi ọkọ̀ yín ba ohun ìní ẹlòmíì jẹ́, ilé iṣẹ́ adójútòfò yín lè san tó ₦3,000,000 fún onítọ̀hún. Ti ọkọ̀ yín ńkọ́? Kọ́bọ̀ kò sí níbẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá sì ti kéde pé láti oṣù kejì ọdún 2025 ni àwọn yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò lójú pópó, nítorí náà kò sí pé a ń rò ó bóyá ká ní in tàbí ká má ní in.

Comprehensive ń tún ọkọ̀ tiyín náà ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Ó tún kan olè àti iná. Àmọ́ iye tí àjọ tó ń mójú tó ilé iṣẹ́ adójútòfò, ìyẹn NAICOM, fi lélẹ̀ ni pé kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀. Bí Corolla àtijọ́ bá tó ₦4,000,000 lọ́jà, ₦200,000 nìyẹn lọ́dún, ó kéré tán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà fún ìjàǹbá kékeré wá nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé comprehensive, iye kan wà tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ́kọ́ gbé kí ilé iṣẹ́ tó da owó sí i. Ká ní ₦50,000 ni wọ́n kọ sínú tiyín, tí àtúnṣe bọ́ńpà sì jẹ́ ₦70,000, ₦20,000 péré lẹ máa rí gbà. Ẹ máa kọ lẹ́tà, ẹ máa dúró de ẹni tó ń wá wo ọkọ̀, ẹ̀dínwó tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí kò gba owó kankan láàárín ọdún sì lè bọ́ lọ́wọ́ yín, gbogbo rẹ̀ nítorí ₦20,000. Ọkọ̀ tó ti pẹ́ tún ní ìṣòro tirẹ̀: bí wọ́n bá fi ẹ̀yà tuntun rọ́pò èyí tó ti gbó, wọ́n lè ní kí ẹ dá sí owó rẹ̀, torí pé ọkọ̀ yín ti dára ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ mìíràn kì í tilẹ̀ gba ọkọ̀ tó bá ti kọjá ọjọ́ orí kan. Ẹ béèrè gbogbo èyí kí ẹ tó sanwó, kó má jẹ́ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá gbá yín.

Tèmi ni pé, fún bọ́ńpà àti iná ẹ̀yìn, comprehensive kò pé ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò wọ́n. Ìyàtọ̀ àárín ₦200,000 àti ₦15,000 jẹ́ ₦185,000. Ìyẹn lé díẹ̀ ní ₦15,000 lóṣù bí ẹ bá ń dá a fún alájọ yín. Bí ọdún bá yípo tí ẹnikẹ́ni kò gbá yín, tiyín ni owó náà.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi pa ara yín. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ Highlander tàbí Lexus tó ti pẹ́ àmọ́ tó ṣì wọ́n, tàbí tó bá jẹ́ pé bí olè bá gbé e lọ, ẹ kò ní rí òmíràn rà láéláé, comprehensive ló yẹ kí ẹ rà. Èyí tó wà láàárín náà tún wà, third party tó fi iná àti olè kún un. Kò kan bọ́ńpà, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí èèyàn sùn lóru. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ kó èrò gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń ra ìwé. Bí ẹ bá kọ “àdáni” sílẹ̀, tí ẹ sì ń gbé èrò, ilé iṣẹ́ náà ti rí ìdí tí kò fi ní san.

Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ló gbá yín

Kí wọ́n tó sún ọkọ̀ kúrò, ẹ ya fọ́tò méjèèjì pẹ̀lú nọ́ḿbà wọn, kí ẹ ya ìwé awakọ̀ náà pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ẹ wo bóyá ínṣọ́ránsì rẹ̀ jẹ́ ojúlówó: ẹ tẹ nọ́ḿbà ọkọ̀ rẹ̀ sí askniid.org, tàbí kí ẹ pe *565*11# lórí fóònù. Èmi tẹ ti Micra yẹn. Kò sí níbẹ̀. Ìwé tó nà sí mi, tó ní òǹtẹ̀ àti àmì gbogbo, ayédèrú ni. Ẹni tó bá a gba ìwé ọkọ̀ ló tà á fún un, ó sì dá mi lójú pé awakọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò mọ̀. (Ẹ lọ tẹ tiyín náà báyìí, kó má lọ jẹ́ pé ẹgbẹ́ kan náà ni ẹ̀yin àti awakọ̀ yẹn.)

Ká ní ìwé rẹ̀ dára ni, ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ni ǹ bá kọ̀wé sí, pẹ̀lú fọ́tò, ìwé láti àgọ́ ọlọ́pàá àti iye tí páńẹ́ẹ̀lì bítà dá lé e. Ẹ má fọwọ́ kan ọkọ̀ náà kí wọ́n tó rán ẹni wá wò ó. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ gbá èèyàn, ẹ lè sọ pé “ẹ pẹ̀lẹ́”, ẹ lè dọ̀bálẹ̀ pàápàá. Àmọ́ ẹ má ṣèlérí pé ẹ máa san iye báyìí báyìí kí ilé iṣẹ́ yín tó gbọ́, torí ìwé náà kò fún yín láyè bẹ́ẹ̀.

Fún ohun tí kò bá tó ₦30,000, ẹ parí rẹ̀ níbẹ̀. Owó ọkọ̀ àti àkókò tí ẹ máa fi lọ fi bọ̀ máa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tèmi jẹ́ ₦58,000. Ẹni tó ni Micra wá ní ọjọ́ kejì, ó san ₦30,000, èmi gbé ìyókù.

Lílù, tókúnbọ̀, àbí tuntun

Páńẹ́ẹ̀lì bítà mi kò mú òòlù. Kẹ́tù ló gbé kaná. Nígbà tí omi hó, ó dà á sórí ibi tí bọ́ńpà ti wọnú, ó na ọwọ́ gba abẹ́ rẹ̀, ó tì í síta: pó! Ó da omi tútù lé e kíá. Ọ̀fẹ́ ni ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́, torí pé ike ni bọ́ńpà. Ibi tó sán ló fi irin gbígbóná àti àwọ̀n wáyà rán láti ẹ̀yìn kó tó kùn ún. Bó bá jẹ́ irin ló wọnú, lílù ló kù, ẹ sì ní láti ṣọ́ra fún ẹni tó ń bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú pọ́tì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí ibi tó wọnú kí wọ́n tó kùn ún. Bí pọ́tì bá nípọn tí ìpẹtà sì wà lábẹ́ rẹ̀, yóò là kó tó pẹ́. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kàn án: ibi tí kò bá ti lẹ̀, pọ́tì ló pọ̀ níbẹ̀.

Tókúnbọ̀ láti Ararọ̀mí ní Gate, tàbí Ládípọ̀ fún ará Èkó, dára jù bí ẹ bá rí àwọ̀ kan náà. Ọ̀dà tuntun kì í bá ọ̀dà tí oòrùn ti pa fún ogún ọdún mu. Tuntun olówó pọ́ọ́kú kì í sábà bá ojú ihò ìdè mu, ṣùgbọ́n mo rà á fún iná ẹ̀yìn, torí pé iná tókúnbọ̀ tí wọ́n fi hàn mí ti ṣú.

Bó bá jẹ́ iwájú ni wọ́n ti gbá yín, ọ̀rọ̀ yí padà. Radiétọ̀ wà lẹ́yìn bọ́ńpà iwájú, ó sì lè máa jo díẹ̀díẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná kọjá ààlà lọ́nà Èkó. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú u wò kí ẹ tó gba owó kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ti ẹ̀yìn rọrùn. Ẹ ṣí búùtù, ẹ pa á dé, ẹ wò ó bóyá àlàfo ọ̀tún àti òsì dọ́gba. Lẹ́yìn náà ẹ bu omi sí korobá, ẹ dà á sí iná tuntun náà lórí, kí ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè wò bóyá omi wọlé. Tèmi tutù. Páńẹ́ẹ̀lì bítà mi ní láti tú iná náà, ó sì fi gọ́ọ̀mù dí etí rẹ̀ yípo kí n tó san ìyókù owó rẹ̀.