Áàpù tó ń gé ọ̀rọ̀-ìṣe èdè Ítálì sí sílébù: èrò èmi tí mò ń lò ó

Nínú èdè Ítálì, sílébù kan ló máa ń wúwo ju àwọn yòókù lọ nínú ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà kọ àmì rẹ̀ sílẹ̀ àyàfi tó bá bọ́ sí ìparí, bíi parlerò. Àwa tí a mọ bí ọkọ̀ àti ọkọ́ ṣe lè dàrú mọ́ra láìsí àmì, ọ̀rọ̀ yìí yé wa dáadáa. Ẹ wo perdono: tẹ́ ẹ bá pè é ní PER-do-no, "wọ́n ń pàdánù" ni, per-DO-no, "mo dárí jì" ni.

Ohun tí mo fẹ́ràn áàpù yìí fún nìyẹn. Tẹ ọ̀rọ̀-ìṣe kan sí i, gbogbo ìrísí rẹ̀ á jáde ní gígégé, sílébù tó wúwo á sì hàn ní pupa. Ibi tó ti ràn mí lọ́wọ́ jù ni ìrísí ti "wọn". Ẹni tó ti mọ par-LA-re (láti sọ̀rọ̀) àti par-LIA-mo (a ń sọ̀rọ̀) á fẹ́ pe parlano (wọ́n ń sọ̀rọ̀) ní par-LA-no, bẹ́ẹ̀ PAR-la-no ni. Telefonano tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: te-LE-fo-na-no, sílébù mẹ́ta ló tẹ̀lé èyí tó wúwo! A-bi-ta-no náà rí bẹ́ẹ̀. Ní ti àwọn tó parí sí -ere, ve-DE-re ni, ṣùgbọ́n PREN-de-re. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn.

Gígé rẹ̀ náà dára. Ó mọ̀ pé s máa ń bá kọ́ńsónáǹtì tó tẹ̀lé e lọ (fi-ni-sco), pé a ń pín ìbejì kọ́ńsónáǹtì (met-to), pé a kì í ya gn (so-gna-re).

Ibi tó kù sí ni invio. Sílébù mẹ́ta ni, in-VI-o, àmọ́ áàpù náà gé e sí méjì bíi ti stu-dio. Èyí dùn mí, torí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ ń wá ìrànlọ́wọ́ lé lórí. Ohùn tó ń ka ọ̀rọ̀ náà tún ń sáré jù.

Áàpù ti ọ̀fẹ́ kò kọjá ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè fi ìyẹn ṣe é. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti ń ka ìtàn sókè, tẹ́ ẹ ń pàdé ìrísí ohun tó ti kọjá bíi PRE-se-ro (wọ́n mú) àti par-LA-ro-no (wọ́n sọ̀rọ̀), ẹ sanwó, ó tó bẹ́ẹ̀.