Lọ́fínńdà, Aṣọ àti Ewé Olóòórùn: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Gbádùn Láìná Ànákúná

Owó kan náà lè ra ìgò lọ́fínńdà kékeré, ó lè ra ẹ̀wù kan tó dáa, ó sì lè ra ìkòkò méjì pẹ̀lú ewé olóòórùn tí yóò máa wà lójú fèrèsé. Ẹni tí owó ò bá pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí tó máa kọ́kọ́ rà. Mo ti ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì ti ṣi ọjà rà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí mo rí ni pé títóbi ọjà kọ́ ló ń sọ bí a ó ṣe gbádùn ẹ̀ tó. Iye ọjọ́ tí a ó fi lò ó tayọ̀tayọ̀ ni ká máa kà, òun náà ni mo sì fi wọn gbogbo ohun tí mo fẹ́ fi wéra níbí.

Ìgò tó wà lórí àtẹ

Ọ̀rọ̀ lọ́fínńdà ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù.

Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ní ìtumọ̀. Lọ́fínńdà tí à ń fín jẹ́ òróró olóòórùn tí wọ́n pò mọ́ sípíríìtì àti omi díẹ̀, bí òróró yẹn bá sì ṣe pọ̀ tó ni orúkọ ẹ̀ ṣe ń yí padà. Èyí tí wọ́n bá kọ extrait sí lára sábà máa ń ní òróró tó ìdá 20 sí 30 nínú 100. Eau de parfum máa ń wà láàárín 15 sí 20, eau de toilette láàárín 5 sí 15, eau de cologne láàárín 2 sí 4. Ti body mist lè má ju 1 sí 3 lọ. Kò sí òfin kan tó de gbogbo ilé iṣẹ́ mọ́ iye yìí o. Ẹnì kan lè pe tiẹ̀ ní eau de parfum, kó sì fúyẹ́ ju eau de toilette ẹlòmíì lọ. Torí náà, orúkọ á tọ́ka ọ̀nà fún yín, imú yín ló máa parí ọ̀rọ̀.

Àwọn kan máa ń fojú tín-ín-rín cologne pé kì í pẹ́ lára. Bí wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ náà nìyẹn. Láti 1709 ni ilé iṣẹ́ Farina ti wà nílùú Cologne ní Jámánì. Johann Maria Farina, ọmọ Ítálì tó ṣe omi olóòórùn náà, fi orúkọ ìlú tó tẹ̀dó sí sọ ọ́. Òróró èèpo ọsàn lóríṣiríṣi ló pọ̀ nínú ẹ̀, òróró ọsàn sì fúyẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ kíákíá. Ẹni tó bá ra cologne tó ń retí kó di alẹ́ lára òun, ohun tí kò sí nínú ìgò ló ń wá.

Ẹ jẹ́ ká gbé eau de parfum àti eau de toilette sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, torí àwọn méjèèjì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró níwájú ẹ̀ tí wọn ò mọ èyí tí wọn ì bá mú. Lára tèmi, bí mo bá fín eau de parfum lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀, mo ṣì máa ń gbọ́ ọ lára ẹ̀wù nírọ̀lẹ́. Eau de toilette á ti rẹ̀ tó bá di ọ̀sán, n ó sì tún fín in lẹ́ẹ̀mẹta míì. Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀. Mílílítà kan máa ń tó nǹkan bíi fífín mẹ́wàá. Ìgò eau de parfum 30ml jẹ́ fífín 300. Bí a bá ń lo mẹ́ta lójúmọ́, ó di 100 ọjọ́. Ìgò eau de toilette 100ml jẹ́ fífín 1,000. Bí a bá ń lo mẹ́fà lójúmọ́, ó di nǹkan bíi 166 ọjọ́. Ìgò tó tóbi ju èkejì lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, kò fún wa ní ìlọ́po méjì ọjọ́! Ká ní 100 ni wọ́n ń ta ìgò kékeré, àfi kí ìgò ńlá má ju 166 lọ kó tó ṣeé pè ní ọ̀pọ̀. Ìṣirò yìí ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ẹ ṣe é níwájú àtẹ kẹ́ ẹ tó mówó jáde.

Kì í ṣe pé eau de toilette ò níyì o. Nígbà ooru, nínú ọkọ̀ tó há, ní ọ́fíìsì tí àga yín fara kan ti ẹlòmíì, òun ló bọ́ sí i. Eau de parfum tó wúwo lè fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lọ́rùn nírú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìgò kan ṣoṣo lẹ fẹ́ ní, eau de parfum 30ml ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sì dín fífín ẹ̀ kù.

Lọ́fínńdà olóróró, èyí tí kò ní sípíríìtì rárá, ọ̀nà tiẹ̀ yàtọ̀. Kì í kígbe. Ẹni tó bá dì mọ́ yín ló máa gbọ́ ọ, ẹni tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán lè má mọ̀ pé ẹ kun nǹkan kan. Ó máa ń pẹ́ lára, ìkán kan lẹ́yìn etí àti ọ̀kan ní ọrùn ọwọ́ sì tó, tó fi jẹ́ pé ìgò tí kò ju 6ml lọ lè bá yín lò pẹ́. Ẹni tí sípíríìtì máa ń ta lára á fẹ́ràn ẹ̀. Àléébù ẹ̀ ni aṣọ. Mo ní ẹ̀wù funfun kan tí ọrùn ẹ̀ ní àpá róbótó aláwọ̀ òféèfé, kò tó èékánná ìka kékeré, n kò tíì rí ọṣẹ tó mú un kúrò. Ẹ kun ún sára, kó gbẹ mọ́ awọ ara dáadáa, kẹ́ ẹ tó wọṣọ.

Ẹ má ṣi òróró ewé tí wọn ò pò mọ́ nǹkan kan mú fún lọ́fínńdà olóróró. Ìgò wọn jọra, ṣùgbọ́n èyí tí kò ní àlàpọ̀ yẹn lè bó ara. Èyí tí wọ́n fún láti ara èèpo bergamot (irú ọsàn kan) tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ léwu jù béèyàn bá kun ún tó sì jáde sínú oòrùn; awọ ibẹ̀ lè jóná, àpá ẹ̀ a sì ṣú fún ìgbà pípẹ́.

Body mist ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀yìn ìwẹ̀ ló wà fún, ó tutù, ó dùn, ó sì ń tán kíákíá. Ẹni tó bá mọ ìyẹn tó sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ ò ṣìnà.

Ẹ má fowó lélẹ̀ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́

Òórùn tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tí wọ́n bá fín nǹkan sí yín lọ́wọ́, àlejò ni. Àwọn òróró tó fúyẹ́ jù ló jáde, láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30 wọ́n á ti fò lọ. Òórùn òdòdó á wá gbapò. Tó bá pẹ́ sí i, a ku àwọn tó wúwo: igi sandalwood, fàńílà, musk. Àwọn yìí lẹ máa bá gbé títí ilẹ̀ á fi ṣú, àwọn gan-an lẹ sì ń ra.

Nítorí náà, ẹ fín ẹ̀ẹ̀kan péré sí ọrùn ọwọ́ òsì, ẹ jáde kúrò ní ìsọ̀, ẹ lọ ṣe nǹkan míì. Ẹ gbóòórùn ẹ̀ lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ẹ tún gbóòórùn ẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin. Òmíì á ti di òórùn ọṣẹ lásán. Òmíì á dùn ju bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ, á gbóná díẹ̀, á dà bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ẹ má dán ju mẹ́ta wò lọ́jọ́ kan, torí imú máa ń rẹ̀. Imú kan náà yìí ni òórùn máa ń mọ́ lára, tí ẹni tó fín lọ́fínńdà ò ní gbọ́ tara ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, tó wá ń fín kún un, nígbà táwọn tó wà nítòsí ṣì ń gbọ́ ọ kedere.

Mo ra ìgò 100ml kan rí torí pé òórùn ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dà bí ọsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Ìgò náà dán, mo bá gbé e sójú fèrèsé kí n lè máa rí i nínú oòrùn àárọ̀. Kò tíì dé ìdajì tí omi inú ẹ̀ fi pọ́n, tí òórùn ọsàn lọ, ohun tó ṣẹ́ kù sì ń ta imú bí ọtí tó kan. Ó dùn mí gan-an. Ìmọ́lẹ̀, ooru àti afẹ́fẹ́ ló ń ba òróró jẹ́, ti ọsàn ló sì máa ń yára bàjẹ́. Inú páálí wọn, nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ni tèmi ń gbé báyìí. Ìdí mìíràn tí ìgò kékeré fi dáa jù nìyẹn: a ó lò ó tán kó tó bàjẹ́.

Ẹ̀wù tó máa gbé òórùn náà

Lọ́fínńdà máa ń pẹ́ lára aṣọ ju ara lọ, torí ooru ara ń lé e. Aṣọ wo wá ni? Òwú lè gba ọ̀rinrin tó ìdá 7 sí 8 nínú 100 ìwọ̀n ara ẹ̀ látinú afẹ́fẹ́ lásán. Pọ́lísítà, tí John Rex Whinfield àti James Tennant Dickson ṣe jáde ní England lọ́dún 1941, kì í gbà tó ìdá 1. Ìyẹn ló ń mú kó yára gbẹ, tí kì í sì í fẹ́ rún. Ṣùgbọ́n ọ̀rá inú òógùn máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, òórùn ẹ̀ a sì jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn ìfọ̀ pàápàá. Lọ́fínńdà tó dára jù láyé lórí abíyá ẹ̀wù pọ́lísítà tí òógùn ti lẹ̀ mọ́, ìjà ni wọ́n máa ń jà.

Bí ẹ bá ra aṣọ gígé tí ẹni tó tà á ní òwú ni, ẹ fa fọ́nrán kan jáde nílé, ẹ fi iná kàn án lórí abọ́ irin. Òwú á jó bíi bébà, eérú ẹ̀ a rọ̀. Pọ́lísítà á ká kò, á yọ́, á di ìlẹ̀kẹ̀ dúdú kékeré tó le.

Láàárín ẹ̀wù òwú àlòkù àti ẹ̀wù pọ́lísítà tuntun tí wọ́n jẹ́ iye kan náà, àlòkù ni tèmi. Òwú tuntun lè sún kì nígbà ìfọ̀ àkọ́kọ́, àwọ̀ ẹ̀ sì lè ṣí. Àlòkù ti sún kì tán, àwọ̀ ẹ̀ ti ṣí dé ibi tó máa ṣí dé, bí ẹ ṣe rí i yẹn ló máa rí. Ẹ ṣáà yí i síta, kẹ́ ẹ wo abíyá, ọrùn, síìpù àti ojú rírán, kẹ́ ẹ sì nà án sókè síbi ìmọ́lẹ̀.

Lójú fèrèsé

Ọ̀rọ̀ náà, lọ́fínńdà, ara ewéko ló ti wá. Láfẹ́ńdà ni, ewéko olódòdó aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń yọ òróró ẹ̀. Ahọ́n wa ló gbé e di lọ́fínńdà, a sì fi ń pe gbogbo omi olóòórùn. Tìtorí orúkọ yìí ni mo ṣe kọ́kọ́ ra láfẹ́ńdà. Ó kú. Ilẹ̀ olókúta tó wà létí òkun Mediterranean ni ilé ẹ̀. Oòrùn wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ ló kéré jù tó fẹ́, ó fẹ́ ilẹ̀ tó ń yára gbẹ, kò sì fẹ́ kí ìdí òun máa rin. Èmi sì ń bomi rin ín láràárọ̀, pẹ̀lú ìfẹ́, nínú ike.

Ẹ fi mint wé e. Mint fẹ́ omi, ó lè gba ibi tí oòrùn ò ti pọ̀, ike sì bá a mu torí ike ń pa omi mọ́. Àfi kó ní ìkòkò tiẹ̀, torí gbòǹgbò ẹ̀ máa ń gba ilẹ̀ mọ́ ẹlòmíì lọ́wọ́. Ẹfinrin wà láàárín àwọn méjèèjì: ó fẹ́ oòrùn, ó fẹ́ omi, irúgbìn ẹ̀ sì tètè máa ń hù níbi tó bá lọ́wọ́ọ́wọ́. Koríko ọba lágídí, ó ń ga, ìkòkò ńlá ló fẹ́. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mint tàbí ẹfinrin ni. Ẹ fi láfẹ́ńdà sílẹ̀ títí ọwọ́ yín á fi mọ omi wọ̀n.

Ìkòkò amọ̀ máa ń mí, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ń jẹ́ kí omi gbẹ, òun ló yẹ láfẹ́ńdà. Ó wúwo, ó sì ń fọ́. Ike fúyẹ́, owó ẹ̀ kéré. Ohun kan tí méjèèjì ò gbọ́dọ̀ ṣaláìní ni ihò nísàlẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn kan ń kó sí ìdí ìkòkò kò lè rọ́pò ihò yẹn. Omi a kàn dúró sínú ilẹ̀ tó wà lókè òkúta, gbòǹgbò á sì jẹrà níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ ohun kan péré lowó mọ, ẹni tó ń pẹ́ nílé kó lọ ra ewé, ẹni tó ń jáde láàárọ̀ tí kì í wọlé títí di alẹ́ kó ra ìgò 30ml. Ewé ní àǹfààní kan tí ìgò ò ní: ọ̀kan lè di púpọ̀. Ẹ gé ẹ̀ka mint kan nísàlẹ̀ ibi tí ewé ti yọ, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ dànù, ẹ kì í bọ ife omi, ẹ máa pààrọ̀ omi náà lọ́jọ́ méjì méjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, gbòǹgbò funfun tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ á ti jáde. Ẹ gbìn ín. Ẹ fọwọ́ ra ewé ẹ̀ lálẹ́ kẹ́ ẹ tó sùn, òórùn ẹ̀ á wà lọ́wọ́ yín lórí ìrọ̀rí.