Ẹ̀dà Iṣẹ́ Anni Albers Méjì tí Mo Rà

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ ẹ̀dà àwòrán tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ra iṣẹ́ Anni Albers méjì, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ti wà lára ògiri pálọ̀ mi. Ọ̀kan tẹ́ mi lọ́rùn gidigidi. Èkejì kò rí bí mo ṣe retí rẹ̀.

Ahunṣọ ni obìnrin yìí, tí wọ́n bí sí Berlin lọ́dún 1899. Ilé-ẹ̀kọ́ Bauhaus ní Jámánì ló ti kọ́ iṣẹ́, ó sì kó lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1933, nígbà tí àwọn Násì fúngun mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà títí ó fi di títì. Lọ́dún 1963 ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwòrán sórí ìwé, iṣẹ́ náà sì wọ̀ ọ́ lára débi pé ó fi òfì sílẹ̀ nígbà tó yá. Iṣẹ́ rẹ̀ kan jẹ́ aṣọ, òmíràn sì jẹ́ ti orí ìwé: ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀dà kọ́kọ́ mọ̀ nìyí.

Orí ìwé ni Albers fúnra rẹ̀ tẹ Red Meander, tí mo kọ́kọ́ rà, sí, lẹ́yìn tó ti hun ún lọ́dún 1954. Ìlà pupa kan ń lọ, ó ń yà, ó ń ṣẹ́rí padà, òmíràn gun orí rẹ̀, ibi tí wọ́n bá sì ti pàdé, pupa náà á ki sí i. Gbogbo èyí ló hàn kedere nínú ẹ̀dà mi. Etí àwọn ìlà náà mú bí abẹ, ìwé náà nípọn, kò sì dán.

Fọ́tò aṣọ ni èkejì, aṣọ aláwọ̀ dúdú, funfun àti ìyeyè tó ṣe ètò rẹ̀ lọ́dún 1926. Ẹni tó bá ti tẹjú mọ́ aṣọ òfì rí mọ̀ pé bí òwú dúdú bá dábùú òwú funfun, ojú á rí àwọ̀ eérú tí ẹnikẹ́ni kò pa láró. Nínú ẹ̀dà yìí, eérú náà ti di àwọ̀ gbalasa kan ṣoṣo, bí mo bá sì sún mọ́ ọn, ẹ̀kán tádà ni mò ń rí, kì í ṣe òwú. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n gé etí rẹ̀ kí ó lè bá fírémù mu, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú irú iṣẹ́ yìí, bí ìlà kan bá yọ, ìwọ̀n gbogbo tókù ti bàjẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ wá èyí tó jẹ́ pé orí ìwé ló ti bẹ̀rẹ̀, yálà àwọn àtẹ̀jáde rẹ̀ tàbí ètò aṣọ tó fi ọ̀dà kùn nígbà tó wà ní Bauhaus. Kí ẹ sì wò ó bóyá orúkọ Josef and Anni Albers Foundation, tó ni ẹ̀tọ́ iṣẹ́ náà, wà lára rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.