Cappuccino àbí latte: èwo lẹ máa mu?

Ẹni tó bá jókòó sílé kọfí ní Alágbàká, l'Ákùúrẹ́, tó ń wo cappuccino àti latte lára pátákó, kó mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Espresso ni ìpìlẹ̀ àwọn méjèèjì: kọfí tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí ẹ̀rọ fi agbára ti omi gbígbóná gba inú rẹ̀ kọjá fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 25 sí 30. Wàrà ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ife cappuccino kéré, kì í sábà ju mílílítà 180 lọ. Ìfófó wàrà orí rẹ̀ nípọn bí ti ẹmu ìdájí: tí ẹ bá da ṣúgà lé e, ṣúgà á kọ́kọ́ dúró lókè ná kó tó rì. Ètè yín á funfun kí kọfí tó kan ahọ́n. Ìgbà tó bá sì kàn án, ẹ ó mọ̀ pé kọfí lẹ ń mu.

Ní ti latte, wàrà ló gba ife. Ó lè tó mílílítà 240 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìfófó rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì rọ̀ lọ́nà ọ̀fun. Títóbi ife kò sọ ọ́ di alágbára o. Bí espresso inú wọn bá dọ́gba, kafiínì wọn, èròjà tó ń lé oorun lọ, dọ́gba.

Ẹni tí tíì oníwàrà bá ti mọ́ lára, latte ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Cappuccino ni tèmi láàárọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án gangan tí oòrùn ń mú ganrínganrín, latte oníyìnyín ni, torí ìfófó gbígbóná kì í pẹ́ lórí yìnyín. Kí ẹ tó jókòó, ẹ bi wọ́n bóyá iná wà: jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé ẹ̀rọ espresso ńlá.