Báínókúlà 10x50 tí mo fi wo ìràwọ̀ onírù
Ṣọ́ọ̀bù kan ní Tankẹ, nílùú Ìlọrin, ni mo ti rà á (10x50 ni pé ó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá, awò iwájú ẹ̀ sì fẹ̀ tó 50 mm), òun la sì fi wo ìràwọ̀ onírù tí wọ́n ń pè ní Tsuchinshan-ATLAS láàárín October 2024, lẹ́yìn mọ̀ngàríbì, wọ́n ti mú iná lọ ní gbogbo àdúgbò (ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo dúpẹ́ fún un nìyẹn o!). Ojú lásán, bí èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ ló rí lápá ọ̀tún Àgùàlà, àmọ́ tí o bá gbé báínókúlà sójú báyìí orí ẹ̀ á mọ́lẹ̀ rokoṣo, ìrù ẹ̀ á nà gbọọrọ lọ sókè, àwọn ọmọ ò tiẹ̀ jẹ́ kí n rí i tó. Ó wúwo ṣá, ọwọ́ á máa gbọ̀n, àfi ìgbà tí mo gbé ìgbọ̀nwọ́ lé fẹ́ǹsì. Okùn ọrùn ẹ̀ já lọ́sẹ̀ kejì, ọlọ́jà ní kò kan òun. 4 nínú 5.